Ìdọ̀bálẹ̀ Ọkọ Mi ní Hall Whitehorn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri Calgary ní Kánádà yìí, ọ̀pọ̀ wọn ò sí níbẹ̀. Fídíò ni wọ́n rí lórí WhatsApp. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tán. Èmi wà níbẹ̀ ní tèmi. Èmi gan-an nìyàwó ọkùnrin tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Olúbùkọ́lá ni mò ń jẹ́, nọ́ọ̀sì ni mí, Saddle Ridge là ń gbé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá bí nínú, kó wá bá mi nílé, màá po tíì fún un, a ó jọ sọ ọ́.

Fọlọ́runṣọ́ lorúkọ ọkọ mi. Ìbàdàn ló ti kàwé, ẹnjiníà ni, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn gáàsì nínú páìpù ni iṣẹ́ ẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, iléeṣẹ́ epo kan ní downtown gbà á. Ó ń de táì, ó ń fi káàdì kọ́rùn, inú gbogbo wa ń dùn. Ọjọ́ kan ni wọ́n pè é wọlé, wọ́n ní àwọn ń dín èèyàn kù. Ó kó kọ́ọ̀bù tó fi ń mu kọfí àti fọ́tò wa sínú páálí, ó wọ train wálé. Mo bi í pé kí ló sọ fún wọn. Ó ní òun sọ pé, "No problem." Mo ní, "No problem bíi ti báwo? Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ní no problem?"

Warehouse kan nítòsí airport ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọkọ mi ti lé láàádọ́ta ọdún, ọ̀gá ẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọmọ yẹn ní orúkọ Fọlọ́runṣọ́ ti gùn jù, ó sọ ọ́ ní Frank. Frank, kó páálí wọ̀nyẹn kúrò. Frank, ìwọ lo máa gbálẹ̀ lónìí. Ọkọ mi á ní, "Yes sir, no problem." Ẹni tó jẹ́ pé n'Ìbàdàn, tó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn aládùúgbò á pa rédíò wọn kí wọ́n lè gbọ́! Ó wá di ẹni tó ń sọ sorry fún ilẹ̀kùn tó bá forí gbá. Ó ń ká mi lára, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tó gbé ara ẹ̀ gbàgbé sí.

Démiládé ọmọ wa ló kó ọ̀rọ̀ Japan wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, cartoon àwọn ará Japan ló ń wò tàárọ̀ tọ̀sán, ó ní òun fẹ́ gbọ́ èdè wọn. A rí i pé ẹgbẹ́ kan wà tó ń pàdé ní Sátidé ní hall kan ní Whitehorn, kò jìnnà sí ibi tí train ti ń dúró. Wọ́n ń kọ́ni ní èdè, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé, wọ́n ń se oúnjẹ wọn, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á pe àlejò wá sọ̀rọ̀ nípa àjọṣe Japan pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè yòókù. Bàbá ẹ̀ ló ń gbé e lọ. Kò pẹ́ rárá tó fi sú ọmọ. Ó ní, "Mom, it's just old people and paper." Mo rò pé ọ̀rọ̀ Japan ti parí nílé wa nìyẹn. Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá ọmọ wọ bàtà, ó lọ lóun nìkan.

Mo ní, "Dádì Démi, kí lẹ ń wá lọ́dọ̀ àwọn ará Japan? Àbí wọ́n fẹ́ fún yín níṣẹ́ ni?"

Ó ń so okùn bàtà ẹ̀, kò wojú mi. Ó ní, "Bùkọ́lá, tí a bá ti yọ àwọn ará ilé kúrò, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pe orúkọ mi nílùú yìí."

Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Màmá Morishita ni olùkọ́ wọn. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni, irun orí ẹ̀ funfun báláú, ó sì kéré débi pé jákẹ́ẹ̀tì òtútù ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Alberta níbí ni wọ́n bí i sí, lórí oko bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, lọ́nà Lethbridge lọ́hùn-ún. Lásìkò ogun, ìjọba lé àwọn òbí ẹ̀ kúrò létí òkun ní British Columbia torí pé ará Japan ni wọ́n. Wọ́n gba ilé wọn, wọ́n gba ọkọ̀ ojú omi tí bàbá ẹ̀ fi ń pẹja, wọ́n kó wọn wá síbí wá ṣiṣẹ́ oko. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ gbé Démiládé lọ síbẹ̀, Màmá bi í lórúkọ. Ó ní Frank. Màmá wò ó títí, ó ní, "Ṣé orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ nìyẹn?" Ó ní rárá, Fọlọ́runṣọ́ ni. Màmá yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ó pè é títí ó fi gún. Ó bèèrè ìtumọ̀, ọkọ mi sọ ọ́ fún un. Ló bá mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fi lẹ́tà tiwọn kọ orúkọ náà sórí bébà ńlá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Bébà yẹn ló wà lókè tẹlifíṣọ̀n wa títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Fọ́tò ìgbéyàwó wa ló yọ kúrò níbẹ̀, mi ò sì tíì gbàgbé.

Nígbà tí snow ń yọ́ lọ lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ Japan ṣí hall sílẹ̀ fún gbogbo ará àdúgbò. Ìrẹsì wà, ẹja wà, àwọn ọmọdé ń ká bébà di ẹyẹ. Aṣojú ìjọba Japan kan wá, ó wọ kóòtù dúdú, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Wọ́n ní kí ọkọ mi kí àlejò ní èdè Japan lórúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń wẹ̀, òun ló fi ń jẹun, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n kà. Lọ́jọ́ náà ó wọ bùbá àti ṣòkòtò búlúù ẹ̀, ó dé fìlà. Ó kí wọn, ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n. Ohùn Ìbàdàn yẹn ni mo gbọ́! Mo di àga mi mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Ó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n pàtẹ́wọ́, Màmá Morishita dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi rò ó. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó tẹríba fún ọkọ mi. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ kú iṣẹ́ lásán nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọkọ mi. Arúgbó tó lè bí i lọ́mọ ló ń tẹ̀ wálẹ̀ níwájú ẹ̀ yẹn o! Kíá, ó tẹ̀ ju ti Màmá lọ. Màmá gbójú sókè díẹ̀, ó rí i pé ẹni tóun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ju òun lọ, ìyẹn ò sì dáa lọ́dọ̀ tiwọn, ló bá tún tẹ̀ sí i. Ọkọ mi fọwọ́ kan ilẹ̀. Màmá ní òun náà ò ní gbà, ó di àga mú, ó ń wá bóun ṣe máa kúnlẹ̀. Ibẹ̀ lọkọ mi ti ké, "Háà! Màmá, rárá o!" Ó na ara ẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀, fìlà ẹ̀ sì yí gbirigbiri lọ sẹ́sẹ̀ aṣojú ìjọba Japan.

Gbogbo hall tún pàtẹ́wọ́. Aṣojú yẹn ṣa fìlà, ó gbọn eruku ẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un. Màmá fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú ẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rín in débi pé ìhà ń dùn mí. Démiládé nìkan ló gbé hood bo orí, ó ní, "Oh my God, Dad." Ojú tì í díẹ̀, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, gbogbo nǹkan ló ń tì í lójú.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Adéfúnmi wà níbẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa ni, torí oúnjẹ ọ̀fẹ́ ló ṣe wá, mo rí abọ́ ẹ̀. Kò fi fóònù ya Màmá tó kọ́kọ́ tẹríba. Kò ya ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi sọ. Orí ilẹ̀ ló bá a, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Kí a tó dé Saddle Ridge, ó ti wà lórí gbogbo group. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Àgbàlagbà Yorùbá ń forí balẹ̀ fún àwọn ará Japan. Ebi ń pani o!" Àwọn èèyàn wá kó ẹnu bò ó. Ọ̀kan ní òrìṣà àwọn ará Japan ló ń bọ. Ọ̀kan ní layoff ti kàn án lórí. Ẹnì kan tí mo gbẹ̀bí fún ìyàwó ẹ̀, tí mo dúró tì í ní hospital títí ilẹ̀ fi mọ́, òun náà fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Ó dùn mí wọ egungun. Mo fẹ́ fèsì, mo ti ń tẹ̀ ẹ́, ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀, no problem."

Ní Mọ́ńdè, Chairman pè é. Alàgbà Julius Akínbámi ni Chairman ẹgbẹ́ wa. Tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kékeré, bíi pé ó di máíkì mú ni. Ó fẹ́ràn kí wọ́n ya òun pẹ̀lú àwọn èèyàn ńlá, gbogbo ògiri basement ẹ̀ ní Cornerstone ló kún fún fọ́tò òun àti àwọn aṣòfin. Kí ẹ lè mọ ìdí tí ó fi pè é: ẹgbẹ́ Japan fẹ́ ṣe ọjọ́ kan nígbà summer, ọjọ́ Japan àti Áfíríkà, wọ́n sì ti pe ẹgbẹ́ wa sí i. Ọkọ mi ló ṣe ọ̀nà ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ fún àwa Yorùbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣojú ìjọba Japan. Chairman wá ní ọkọ mi ti dójú ti gbogbo wa. Ó ní kó wá tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ní mítíìnì Sátidé. Tí kò bá ṣe é, àwọn máa yọ orúkọ ẹ̀, òun Chairman fúnra òun lá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mò ń dín dòdò, mò ń tẹ́tí. Ọkọ mi gbọ́ ọ tán. Ó wá ní, "No problem, sir. Màá bẹ̀bẹ̀."

Mo pa stove.

Mo ní, "Ẹ tún un sọ."

"Bùkọ́lá, jọ̀ọ́."

"Rárá, ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Ẹ fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún kí ni? Ṣé ẹ jalè ni? Ṣé ẹ gba ìyàwó oníyàwó ni? Ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀!"

Ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Kí n bẹ̀ wọ́n kó tán."

"Kò ní tán! Iléeṣẹ́ epo lé yín, ẹ ní no problem. Ọmọ kékeré yẹn ń pè yín ní Frank, ẹ ní no problem. Èyí tó jẹ́ tiyín gan-an, èyí tí màmá yín fi kọ́ yín láti kékeré, tí ẹ bá fi ẹnu ara yín sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, kí ló kù tí ẹ ò ní bẹ̀bẹ̀ fún? Ẹ máa bẹ̀bẹ̀ pé ẹ ń mí ni?"

Ó gbé ṣọ́bìrì, ó jáde lọ kó snow. Snow wo? Ó ti yọ́ tán. Ó dúró níwájú garage, ó fi ọwọ́ ti ṣọ́bìrì, ó ń wo ọ̀nà. Démiládé náà ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ní àwọn ọmọ school òun ti rí fídíò yẹn, wọ́n ń na ara wọn sílẹ̀ tí òun bá ti ń kọjá. Ó ní, "Can't he just say sorry so they'll delete it?" Mo padà sídìí òróró gbígbóná. Dòdò ti jóná.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. A ń kí ara wa, a ń jẹun, kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mò ń bẹ̀rù, kì í ṣe Chairman ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé tí ọkọ mi bá bẹ̀bẹ̀ ní Sátidé yẹn, ẹni tí mo fẹ́ n'Ìbàdàn ò ní padà wálé mọ́, Frank ni màá máa bá gbé títí ọjọ́ ogbó.

Hall Whitehorn kan náà ni ẹgbẹ́ wa ti ń ṣe mítíìnì, tí kíláàsì Japan bá ti parí, àwa la máa ń wọlé. Nígbà tí mo dé, ọkọ mi ti jókòó, inkì ṣì wà ní ìka ẹ̀. Màmá Morishita wà ní kíṣìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hall, ó ń fọ kọ́ọ̀bù. Démiládé lọ bá a níbẹ̀, ó ń bá a nu wọ́n. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ rí bàbá ẹ̀ níwájú èèyàn ni. Ilẹ̀kùn kíṣìnì ṣí sílẹ̀.

Wọ́n gbàdúrà. Chairman dìde, ó tún táì ẹ̀ ṣe. Ó ní arákùnrin kan ti sọ wá di ẹni ẹ̀sín lójú gbogbo ayé. Ó ní ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe nǹkan tí a ń gbé fún àlejò, ti ilé wa ni, Yorùbá kì í dọ̀bálẹ̀ fún ará ìta. Àwọn kan ń mi orí. Adéfúnmi gbé fóònù dání, mo rí iná kámẹ́rà ẹ̀. Chairman ní, "Brother Fọlọ́runṣọ́, ẹ bọ́ síwájú."

Ọkọ mi dìde. Ó ń lọ, mò ń wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ó dúró níwájú wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́..." Mo pa ojú mi dé. Ó ti tán, mo sọ ọ́ lọ́kàn ara mi.

Chairman gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, "Kì í ṣe lórí ìdúró! Dọ̀bálẹ̀ kí o tó bẹ̀bẹ̀."

Mo la ojú. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀, ibi tó na ara ẹ̀ sí lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó wò ó pẹ́. Ó wá gbórí sókè, ó ní, "Chairman, ẹ jẹ́ kó yé mi. Ẹ fẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀, kí n fi tọrọ àforíjì pé mo dọ̀bálẹ̀?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Chairman ní, "Má fi mí ṣeré o."

Ọkọ mi ní, "Mi ò ní ṣe é."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kò pariwo o. Ohùn Ìbàdàn yẹn ló fi sọ ọ́, ó kàn jókòó sí ibi tó yẹ nínú ọ̀fun ẹ̀. Ó yíjú sí gbogbo wa. Ó ní, "Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Àràárọ̀ ni mò ń tẹríba fún un. Ó ń fi orúkọ tí kì í ṣe tèmi pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ tí mo mọ̀, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi nìkan kọ́. Ẹ wo ara yín. Láti airport títí dé PR, ìwé ìgbélùú wa, gbogbo wa ló ń tẹ̀, tí a ń tẹ̀. Ta ló ya fídíò ìyẹn? Ta ló pe mítíìnì lé e lórí? Ìgbà kan ṣoṣo tí mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó tọ́ sí, láti inú mi wá, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ dẹ́rù bà mí, òun lẹ wá fẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ fún. Arúgbó tẹríba fún mi, kí n wá dúró bí òpó iná? Ta ló tọ́ mi bẹ́ẹ̀? Màmá mi á dìde nínú sàréè wá gbá mi létí! Ẹ yọ orúkọ mi tó bá wù yín. Mi ò bẹ̀bẹ̀."

Ariwo sọ. Chairman ń lu tábìlì, ó ní, "Ìwọ! Ìwọ Fọlọ́runṣọ́! Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?" Àwọn kan ní kí wọ́n yọ ọ́, àwọn kan ní òótọ́ ló sọ. Èmi ti wà lórí ìdúró, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Ẹ yọ tèmi náà mọ́ ọn! Ẹ yọ gbogbo wa!" Mo ní kí Adéfúnmi ya ẹnu mi dáadáa tó bá ń yà á. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún un tán níbí.

Inú ariwo yẹn ni Màmá Morishita ti jáde sí wa. Démiládé ló sọ fún un. Ó bi ọmọ mi pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, ọmọ mi ní, "They want my dad to say sorry because he bowed to you." Ó ní Màmá gbé kọ́ọ̀bù ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀, kò tilẹ̀ nu ọwọ́. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, épírọ́ọ̀nù wà lọ́rùn ẹ̀, omi ọṣẹ ń kán sílẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rí i, wọ́n dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì ń bá a bọ̀ títí ó fi dé iwájú. Ó kọjá lára ọkọ mi. Ó dúró síwájú Chairman. Orí ẹ̀ ò ju ibi táì Chairman lọ.

Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́jẹ́. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ tẹríba. Tí ẹ̀bi bá wà, tèmi ni. Ẹ má bínú." Ó gbé ọwọ́ tútù méjèèjì lé itan, ó tẹríba fún Chairman. Ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ gan-an, ẹ̀yìn ẹ̀ ń gbọ̀n.

Yéè! Ẹ ò gbọ́ igbe tó ta nínú hall yẹn! "Màmá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!" Àga ń wó. Àwọn obìnrin ti kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin ti na ọwọ́ kanlẹ̀, àwọn tó ní kí wọ́n yọ ọkọ mi gan-an ló kọ́kọ́ délẹ̀. Chairman wo ọ̀tún, ó wo òsì. Màmá ò tíì gbórí. Chairman tẹ̀ díẹ̀. Màmá rí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó tẹ̀, ló bá tún tẹ̀ sí i. Ojú Chairman yí padà. Mo mọ ojú yẹn, ojú ọkọ mi lọ́jọ́ yẹn ni. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Orúnkún Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. "Háà! Màmá, rárá!" Alàgbà Julius Akínbámi, pẹ̀lú kóòtù, pẹ̀lú táì, ó na ara ẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ Whitehorn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró nínú hall yẹn, ọkọ mi ni. Òun ló di apá Màmá mú kó má bàa ṣubú.

Mo wo Adéfúnmi. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, fóònù ẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Èmi náà wà lórí ìkúnlẹ̀ ní tèmi, ilé wa ni wọ́n ti tọ́ mi. Ṣùgbọ́n fóònù tèmi wà lókè, mo sì ya gbogbo ẹ̀, láti ìgbà tí Màmá ti dé iwájú. Mi ò gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Mi ò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ọkọ mi ní kí n má ṣe é. Àmọ́ Chairman mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu kan pé kí wọ́n yọ orúkọ, fídíò ti Adéfúnmi náà sì kúrò lórí group kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ Japan àti Áfíríkà, ọkọ mi sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣojú ìjọba Japan. Ó fi èdè mẹ́ta sọ ọ́. Démiládé jókòó níwájú, kò gbé hood borí, òun ló ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé, "That's my dad." Chairman náà ya fọ́tò pẹ̀lú aṣojú, ẹ jẹ́ kó máa gbádùn ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ mi jù, mi ò sí níbẹ̀, òun ló sọ ọ́ fún mi. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé mítíìnì yẹn, ọmọkùnrin yẹn ké pè é ní warehouse, "Frank!" Ọkọ mi ń to páálí, kò dáhùn. Ó tún pè é. Kò dáhùn. Ọmọ yẹn wá dúró sí iwájú ẹ̀, ó ní, "Frank, ṣé o ò gbọ́ ni?" Ọkọ mi ní, "Fọlọ́runṣọ́ ni mò ń jẹ́." Ọmọ yẹn ní ó ti le jù fún òun. Ọkọ mi ní, "Ìyá ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin kọ́ ọ mọ̀ ní ọ̀sán kan."

Ọmọ yẹn ṣì ń kọ́ ọ. Ó ti pè é dé ìdajì báyìí. Ọkọ mi kì í dá a lóhùn àfi tó bá pè é tán.